Ẹni Tó Gba Ohùn Gbogbo Wa Sílẹ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Michael Ọlábímtán Ọmọ́yẹlé (1958–2025)

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958 ni Olóògbé Michael Ọlábímtán Ọmọ́yẹlé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Okun, dé ilé ayé ní Kàbbà, nínú ilé alámọ̀ tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ọjọ́ àjọ̀dún Máíkẹ́lì Olú-áńgẹ́lì ni ọjọ́ náà, nítorí náà fádà tó ṣe ìrìbọmi fún wọn kò ní láti ronú púpọ̀ kó tó rí orúkọ. Olóògbé Ọlọ́runlékè Ọmọ́yẹlé ni bàbá wọn, àgbẹ̀ oníṣu tó tún jẹ́ katikísì. Ìyá wọn ni Olóògbé Agatha, ọmọ Ayewa ní ilẹ̀ Bùnú, ahunṣọ tó máa ń kọrin jẹ́jẹ́ nídìí òfì bí ẹni ń bá òwú sọ̀rọ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí a ti ń wá láti ọjọ́ tí Bàbá ti lọ. Ó lé ní ogójì ọdún tí Bàbá fi gbé máíkì síwájú àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kún àpótí mẹ́fà, sídì kún méjì, ìyókù wà nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Bàbá sùn, a kó gbogbo rẹ̀ jáde, a ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu Bàbá fúnra wọn. Ohùn gbogbo Kàbbà wà níbẹ̀. Ohùn Bàbá kò sí. Ọmọ-ọmọ wọn tó kéré jù, Ọpẹ́dayọ̀, kò ju ọmọ oṣù mẹ́rin lọ. A ò fẹ́ kó dàgbà láìmọ bí ohùn náà ṣe rí. A ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn míṣọ̀n Àgùdà ní Kàbbà ní ọdún 1965. Wọ́n mọ̀wé, wọ́n sì mọ katikísìmù láti iwájú dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n orin kíkọ kò sí lára ẹ̀bùn wọn. Olùkọ́ orin fetí sí wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Michael, ìwọ máa bá àwọn yòókù ṣí ìwé orin.” Bàbá ṣí ìwé orin fún ọdún márùn-ún. Wọ́n máa ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti kọ́ iṣẹ́, nítorí pé ẹni tí kò bá kọrin ní láti gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, wọn kò fẹ́ràn ohùn ara wọn mọ́, wọ́n sì fẹ́ràn ohùn gbogbo ènìyàn yòókù.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, lẹ́yìn náà wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni onípò kejì ní ọdún 1979. Iṣẹ́ tíṣà gbé wọn lọ sí Ìyá-Gbẹ̀dẹ̀. Ní àkókò òjò ọdún 1980 ni ìyá wọn, Màmá Agatha, kú. Fọ́tò kan àti aṣọ kan tó hun ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ikú yẹn, àfi gbólóhùn kan tí gbogbo àwa ọmọ mọ̀ sórí: “Mo lè rí ìyá mi. N kò lè gbọ́ ọ.”

Ní ìkórè ìjọ wa lọ́dún 1982, ọ̀gá oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú máíkì àti sípíkà ńláńlá. Ọ̀gá Olúbọ̀dé lorúkọ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga kékeré, wáyà sì kún ilẹ̀ yí i ká. Bàbá lọ kí i bí a ti ń kí ènìyàn nílẹ̀ wa. Wọ́n ní, “Okun o.” Ará Ìbàdàn kò mọ ìkíni wa, okùn ló gbọ́. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Okùn wo? Dúdú àbí pupa?” Kí Bàbá tó rí ẹnu fèsì, ó ti ki èyí dúdú bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní, “Dì í mú, ọ̀rẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́.” Bàbá di okùn náà mú láti ìgbà tí fádà wọlé títí dé ìbùkún ìkẹyìn.

Nígbà tí ìsìn parí, Ọ̀gá Olúbọ̀dé nu ojú, ó ní, “Àwọn ará ibí yìí mà fẹ́ràn okùn o. Gbogbo ẹni tó kọjá ló ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.” Bàbá wá ṣàlàyé fún un pé ìkíni ni wọ́n ń kí i láti àárọ̀, tí kò dá ẹnì kankan lóhùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, gbogbo ìgbà tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, Bàbá a di ẹrù wọn, wọ́n a forí lé Ìbàdàn lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí Bàbá bá ra máíkì rí, ẹ ó rántí bí wọ́n ṣe ń yan án. Etí ni wọ́n fi ń yan án, kì í ṣe ojú. Wọ́n a gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ wò, nítorí pé ayédèrú máa ń fúyẹ́. Wọ́n a yọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi há etí fìlà, wọ́n a sún un mọ́ orí máíkì náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá irin òòfà inú rẹ̀ lágbára. Irú máíkì tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dáínámíìkì. Irin òòfà àti wáyà tín-ínrín ló wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ẹnu ẹni ló ń mì ín, kì í béèrè pé kí iná gba inú okùn wá bá òun. Ó lè ṣubú lórí pèpéle kó sì dìde. Bí akọrin bá pariwo mọ́ ọn, kì í fọ́. Pàtàkì jù, iwájú rẹ̀ ló ń gbọ́, kì í ka ẹ̀yìn sí. Bàbá ní irú rẹ̀ ló yẹ ilẹ̀ wa, níbi tí àwùjọ kì í dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ìlú mìíràn a máa ka ọ̀kan, èjì, sínú máíkì láti dán an wò. Bàbá kì í kà. Wọ́n a sún mọ́ ọn, wọ́n a ní, “Okun o.” Àṣìṣe ńlá ni èyí jẹ́ nígbà àkọ́kọ́, nítorí pé kò sí ọmọ ilẹ̀ wa tí a ó kí tí kò ní dáhùn. Gbogbo pápá ló dáhùn, “Okun,” títí kan àwọn tó ń ra ẹ̀pà lẹ́yìn ọgbà. Bàbá kí wọn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá àgbà kan láti Ìyàrá béèrè pé, “Ta ló ń kí wa tó báyìí? Ṣé gbèsè la jẹ ẹ́ ni?” Ojú ti Bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n sọ àṣìṣe náà di òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá kí àwùjọ, tí máíkì gbé ohùn Bàbá jáde tí kò sì gbé èsì àwùjọ, máíkì orí pèpéle nìyẹn. Bí ó bá gbé èsì pẹ̀lú, wọ́n a dá a padà sínú páálí. Wọ́n ní èyí tó bá ń gbọ́ ti gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ ti sípíkà náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í han. Bí Bàbá ṣe di Bàbá Okun nìyẹn.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń lo máíkì pẹ̀lú. Fún akọrin tó bá gbé e jìnnà sẹ́nu: “Sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí fún un.” Fún èyí tó bá gbé e sẹ́nu jù: “Yìnyín oníṣúgà kọ́ o.” Fún àwọn ajíhìnrere tó máa ń di orí rẹ̀ mú pinpin nígbà tí Ẹ̀mí bá bà lé wọn: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un lọ́rùn. Bí ẹ bá fún èmi náà lọ́rùn, màá han.”

Máíkì ló fẹ́ ìyàwó fún Bàbá. Ní ọdún 1985, wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ akọrin kan ní Ìsánlú gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọmọbìnrin kan wà ní ìlà kejì tí ẹnu rẹ̀ ń mì, tí ohùn rẹ̀ kò wọ inú máíkì rárá. Bàbá ní, “Arábìnrin, ẹ sún mọ́ máíkì.” Ó ní, “Kí máíkì sún mọ́ mi. Èmi kọ́ ló ń wá iṣẹ́.” Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé máíkì, wọ́n sún mọ́ ọn. Wọ́n ń sún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko, títí Monica Ìdùnnúolúwa fi gbà láti di aya wọn ní ọjọ́ ogún oṣù Kejìlá ọdún 1986. Ìgbéyàwó náà tòrò. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta bùkún un, Kọ́láwọlé sì ni àkọ́bí.

Ní ọdún 1998, Bàbá fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, wọ́n sì sọ yàrá iṣu bàbá wọn di ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Òrùlé páànù ni, ẹ̀rọ ìlọta sì wà ní ilé kejì. Kò sí ẹgbẹ́ akọrin láti Ògìdì dé Mopa tí kò kọjá níbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà Bùnú wá kọ orin aṣọ híhun tí Màmá Agatha máa ń kọ. Bàbá gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn ju oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n jọ jẹ. Dáínámíìkì náà ni wọ́n ń lò nínú yàrá pẹ̀lú. Bí ẹnu bá ti sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ̀rọ ìlọta a máa lọ ata rẹ̀, máíkì a sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, àwọn kan ní Ìlọrin rọ Bàbá pé sítúdíò tòótọ́ kò gbọdọ̀ ṣàìní irú máíkì kejì, èyí tó ń jẹ iná, tí etí rẹ̀ mú ju ti ehoro lọ. Bàbá ra ọ̀kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gba ohùn akọrin, ó gba ata tí wọ́n ń lọ, ó gba ọmọ odó ní ìta kejì, ó sì gba adìẹ kan tó yé ẹyin tó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Inú bí Bàbá. Wọ́n ní, “Máíkì kọ́ lèyí. Olófòófó ni.” Orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn títí dòní. Wọ́n fi aṣọ tí ìyá wọn hun wé e, wọ́n sì gbé e sórí àjà.

Nínú ìgbàgbọ́, Bàbá kò yẹsẹ̀. Iwájú pẹpẹ ní apá òsì ni ìdúró wọn ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, nítòsí ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í gbàgbé ilé àbúrò bàbá wọn ní Ìyàrá, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí. Bí Ìdí bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, máíkì méjì á ṣí lọ sí Ìyàrá. Afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ púpọ̀ ní pápá ìkírun, ó sì ń da ohùn rú. Ní ọdún kan, Bàbá wá fóòmù tí wọ́n lè fi bo orí máíkì náà tì. Lẹ́yìn tí ìrun parí, tí gbogbo ènìyàn ń yin Lemọ́ọ̀mù pé ohùn rẹ̀ já gaara, Màmá dé ilé, wọ́n rí ihò roboto nínú ìrọ̀rí wọn. Màmá ní, “Bàbá Kọ́lá, orí ta ló jẹ ìrọ̀rí mi?” Bàbá ní, “Orí Lemọ́ọ̀mù ni.”

Ọdún 2016 ni ọdún tí ìbẹ̀rù wọ ilé wa. Gẹ̀gẹ̀ yọ sí ọrùn Màmá, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ó sì sọ òtítọ́ fún wọn pé ohùn lè má padà bọ̀ sípò. Ìyá Bàbá ti lọ láìfi ohùn sílẹ̀. Wọn kò ní jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé dáínámíìkì tí wọ́n fẹ́ràn jù síwájú Màmá. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn kò wọ inú rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, òfìfo ni. Bàbá gun àkàbà, wọ́n sì sọ Olófòófó kalẹ̀. Wọ́n dúró di ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì, nígbà tí wọn kì í lọ ata. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà, àwa ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí a mọ̀ ni pé iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, pé ohùn Màmá padà, àti pé ó tún nípọn díẹ̀ sí i. Bàbá máa ń dápàárá pé dókítà náà ti yí ohun kan sókè lọ́rùn Màmá, pé kí ó wá bá àwọn ṣe ẹ̀rọ.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2025, Bàbá ti ìsìn dé, wọ́n jẹ iyán, wọ́n yin ọbẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n sùn lọ níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọ́n.

A wá padà sórí ohun tí à ń wá. Nínú àpótí mẹ́fà yẹn, a gbọ́ àwọn tó ti kú láti ogún ọdún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A kò gbọ́ Bàbá. Nígbà tó yá ni ìdí rẹ̀ yé wa. Ẹ̀yìn máíkì ni Bàbá máa ń dúró, irú máíkì tí wọ́n sì fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn yàn ni èyí tí kì í ka ẹ̀yìn sí. “Okun o” tí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n a gé e kúrò kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n yàn án dáadáa, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Inúmidùn, ọmọ wọn obìnrin, ló ronú kan ìwé àkọsílẹ̀ tí Bàbá ń kọ ọjọ́, orúkọ akọrin àti irú máíkì sí. Ní ojú ewé kan ní ọdún 2016, wọ́n kọ ọ́ báyìí: “Ti Monica. Olófòófó. Ó bàjẹ́. Ohùn mi wọ inú rẹ̀.”

Ọ̀kan ṣoṣo tí Bàbá sọ pé ó bàjẹ́ ni. Wọn kò gé e, wọn kò sì jù ú nù; orí àjà, nínú aṣọ tí wọ́n fi wé Olófòófó, ni a ti bá sídì náà. Gbogbo ilé jókòó láti gbọ́ ọ. Ohùn Bàbá kọ́kọ́ jáde, láti ẹ̀yìn, kedere: “Okun o.” Màmá dáhùn, “Okun, Bàbá Kọ́lá. Àwa méjì péré la wà ní yàrá yìí, ta lẹ ń kí?” Bàbá ní, “Olófòófó ni. Bí n kò bá kí i, á lọ rò mí fún aládùúgbò.” Adìẹ kan ké níta. Màmá ní, “Ẹ gbọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni Màmá kọ orin Màríà tí ìyá wọn kọ́ wọn ní Ìsánlú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tí a kò gbọ́ rí, ohùn tí kì í ṣe tiwa láti gbọ́: “Ó ti tó. Ohùn rẹ dára, Monica. Sinmi.”

Nígbà tó parí, Màmá ní kí a tún un gbé sí i. A tún un gbé sí i. Ọpẹ́dayọ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Bí “Okun o” yẹn ti jáde, ọmọ náà yí orí síhà ibi tí ohùn ti wá, ó sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá fi aya sáyé lọ, Màmá Monica Ìdùnnúolúwa Ọmọ́yẹlé. Àwọn ọmọ, Kọ́láwọlé àti aya rẹ̀ Olúwatóyìn, Inúmidùn, àti Ṣèyífúnmi. Àwọn ọmọ-ọmọ, Destiny, Virtue, Rejoice àti Ọpẹ́dayọ̀. Àwọn ẹbí ní Kàbbà, Ayewa, Ìyàrá àti Ìsánlú. Àti máíkì mọ́kàndínlógún, tí Olófòófó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò sí lórí àjà mọ́. Orí tábìlì pálọ̀ ló wà, lórí aṣọ Màmá Agatha.

Ẹ̀yin ará, kí a tó gbé Bàbá jáde nílé Ọlọ́run lónìí, ẹ ó gbọ́ ohùn wọn láti inú sípíkà. Wọn yóò kí yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹkún bo ìkíni náà mọ́lẹ̀. Ẹ dáhùn bí ẹ ti máa ń dáhùn, títí kan ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ọgbà.

Bàbá wa, ó ti tó. Ohùn yín dára. Ilẹ̀ Kàbbà tó bí yín á rọ̀ yín lọ́rùn, ìmọ́lẹ̀ Olúwa á sì tàn sí yín láìkú. Ẹ sinmi. Okun o.